Ìtàn Ọkọ̀ Èrò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ibi Tí Mẹ̀kúnnù Ń Jókòó Sí

Bí a bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ èrò ṣe gòkè àgbà ní orílẹ̀-èdè kan, àga ẹni tó san owó tó kéré jù ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé kò sí ìgbà kan tí olówó kò rí ibi tó dára jókòó sí.

Kóòṣì àkọ́kọ́

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1830 ni wọ́n ṣí ojú irin Liverpool sí Manchester. Àwọn tó kan kóòṣì, èyí tí í ṣe ilé èrò tí orí rèlúwéè ń fà, wo àwòṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n to ara kẹ̀kẹ́ mẹ́ta pọ̀ sórí ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì ń di ẹrù èrò lé òrùlé rẹ̀. Èyí ni ìpele kìíní. Láàárín ọdún díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ilé-iṣẹ́ ojú irin mìíràn ń kó èrò ìpele kẹta sínú ọkọ̀ tí kò lórùlé, tí òmíràn kò tilẹ̀ ní bẹ́ǹṣì, tí òjò ń pa wọ́n, tí eérú gbígbóná láti inú ẹ̀rọ sì ń dà sí wọn lára.

Ìjàǹbá Sonning

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1841, ọkọ̀ Great Western Railway kan tó gbéra ní London dé Sonning, nítòsí Reading, níbi tí wọ́n ti gé òkè jìn kí irin lè gba àárín rẹ̀ kọjá, tí òjò sì ti mú kí ilẹ̀ ya bo irin náà. Ọ̀pọ̀ nínú èrò ìpele kẹta jẹ́ oníṣẹ́ òkúta tó ń kọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí wọ́n ń lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì. Ààrin orí rèlúwéè àti àwọn ọkọ̀ ẹrù wíwúwo ni wọ́n fi ọkọ̀ wọn sí, pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Nítorí náà, nígbà tí orí rèlúwéè rì sínú yẹ̀pẹ̀, tí ẹrù ẹ̀yìn sì rọ́ lù wọ́n, kò sí ohun tó dá wọn dúró sínú ọkọ̀. Ènìyàn 9 ló kú.

Òfin ọdún 1844

Ìjàǹbá yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ náà. Òfin tí William Gladstone, mínísítà ìjọba, gbé kalẹ̀ ní 1844 pa á láṣẹ pé, ó kéré tán, ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ máa gba ojú irin kọ̀ọ̀kan kọjá lójoojúmọ́, kí owó rẹ̀ má ju pẹ́nì kan lọ fún máìlì kan, kí eré rẹ̀ má dín sí máìlì 12 ní wákàtí kan, kí ó ní àga, kí ó sì bo èrò lọ́wọ́ òjò àti afẹ́fẹ́. Ọdún 1875 ni ilé-iṣẹ́ Midland Railway pa ìpele kejì rẹ́, tó sì fi tìmùtìmù sí àga ìpele kẹta, èyí tó fipá mú àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù láti tún ti wọn ṣe.

Bọ́ọ̀sì

Ọ̀nà kan náà ni bọ́ọ̀sì tọ̀. Nígbà tí George Shillibeer bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ṣin mẹ́ta láti Paddington sí Bank, ní ìlú London, ní oṣù Keje ọdún 1829, ṣílè kan ni owó ọkọ̀ rẹ̀, èyí tó ju agbára lébìrà lọ. Ìgbà tí owó ọkọ̀ wálẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó lè wọ̀ ọ́ déédéé, pàápàá lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì onímọ́tò tí wọ́n ń pè ní B-type, tó ń gbé èrò 34, jáde ní 1910.

Òpin ìpele kẹta

Oṣù Kẹfà ọdún 1956 ni àwọn ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa orúkọ ìpele kẹta rẹ́. Nígbà náà, ètò ìpele yìí ti dé ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́ pẹ̀lú ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí ìjọba amúnisìn ṣí ní 1901, ojú irin tuntun láàárín ìlú méjèèjì náà, tí wọ́n ṣí ní 2021, sì ń pín èrò sí ìpele. Pínpín èrò sí ìpele kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí àwọn tó kú ní Sonning fi ẹ̀mí wọn kọ́ aráyé ni pé òfin gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìyà èrò tó san owó kékeré kò gbọdọ̀ kọjá, kí ìjọba sì rí i pé wọ́n ń pa á mọ́.