Fóònù Yín Mọ Ibi Tí Ẹ Wà: Ta Ló Tún Mọ̀?

Ọ̀rọ̀ máàpù inú fóònù ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Púpọ̀ nínú wa níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù ni kì í dé òde ìnáwó mọ́ láìjẹ́ pé fóònù júwe ọ̀nà. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n akáǹtáǹtì ni mí, iṣẹ́ sì ti kọ́ mi pé bí ẹnìkan bá ń fún gbogbo ayé ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, kí á bèèrè ibi tí owó ti ń wọlé fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí fóònù ṣe ń mọ ibi tó wà. GPS jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà. Sátẹ́láìtì bí ọgbọ̀n ló ń yí ayé po lókè réré, ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 sí ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéde ibi tí ó wà àti ohun tí aago rẹ̀ ń wí. Fóònù á tẹ́tí sí mẹ́rin, ó kéré tán, á wo bí ìkéde kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó kó tó dé, á wá fi ìyẹn ṣírò ibi tí òun wà.

Ibi tí mo ń lọ nìyí: sátẹ́láìtì kò mọ̀ yín rí. Bíi rédíò ló rí. Ẹni tó ń ka ìròyìn ní ilé-iṣẹ́ rédíò kò mọ ẹni tó jókòó sí pálọ̀ tó ń gbọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè mọ ibi tí ẹ wà láti ara òpó wọn, ìyẹn ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará ìta yòókù ńkọ́? App tí ẹ fúnra yín gbà sínú fóònù ló sábà máa ń ròyìn fún wọn.

Ọjà sì ni ìròyìn yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Google gbà láti san mílíọ̀nù 391.5 dọ́là fún ìpínlẹ̀ 40 ní Amẹ́ríkà, nítorí ẹ̀sùn pé ó ń tọ́pa àwọn èèyàn tí wọ́n rò pé àwọn ti pa á. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà fòfin de ilé-iṣẹ́ X-Mode, tó ti yí orúkọ padà sí Outlogic, pé kò gbọdọ̀ ta àkọsílẹ̀ tó lè tú àṣírí pé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ilé ìjọsìn. Ẹ rò ó wò: ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Sọ́ńdè, mọ́ṣáláṣí ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọ́fíìsì lọ́yà tó ń bá wa ṣe ìwé ìgbélùú, ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ ìrìn ẹsẹ̀ èèyàn lọ́wọ́ ti ka ìwé ayé rẹ̀ tán.

Ọ̀nà mìíràn wà, Lọ́ńdọ̀nù yìí náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2004, Steve Coast, akẹ́kọ̀ọ́ ní University College London, dá OpenStreetMap sílẹ̀. Nígbà yẹn, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà kí èèyàn tó lè lo àkọsílẹ̀ máàpù ìjọba níhìn-ín. Coast ní kí aráàlú fúnra wọn yà á: kí wọ́n gbé GPS dání, kí wọ́n rìn káàkiri àdúgbò, kí wọ́n kọ orúkọ títì sílẹ̀. Bí eré bí eré, ó ti kárí ayé. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní oṣù kìíní ọdún 2010, àwọn olùyọ̀ǹda láti òkèèrè ya títì Port-au-Prince láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó ń gba ẹ̀mí là sì lò ó.

Lórí máàpù yìí ni app OsmAnd, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, àti Organic Maps, tó jáde ní 2021, dúró lé. Ẹ ó gba máàpù ibi tí ẹ ń lọ sínú fóònù nílé, lórí Wi-Fi. Ẹni tó ń lọ sílé fún Kérésì lè gba ti Nàìjíríà kó tó wọ bàálù. Bó bá dé Ìbàdàn tí kò tíì ra síìmù, fóònù á ṣì júwe ọ̀nà Mókọ́lá fún un. Inú fóònù ni gbogbo ìṣirò ti ń lọ, kò sí ẹni tí ó ní láti ròyìn fún.

Báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni? Àwọn tó kọ ọ́ tẹ́ kóòdù rẹ̀ síta gbangba. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lè búra títí pé òun ò jalè; ọ́dítọ̀ á ní kó kó ìwé jáde. Kì í ṣe gbogbo wa ló lè ka kóòdù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà kò ní í tọrọ ààyè. Nígbà tí wọ́n ta MAPS.ME fún ẹlòmíràn ní 2020, díẹ̀ nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ mú kóòdù tó ti wà níta, wọ́n fi ṣe Organic Maps.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ní ibi tó kù sí. Kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ wà lọ́wọ́lọ́wọ́, nítorí láti ara fóònù àwọn tó wà lójú títì ni Google ti ń mọ ìyẹn. Nọ́ńbà ilé ò sì pé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa nílé, àmọ́ ẹ lè fi ti àdúgbò yín sí i.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ẹbí mọ ibi tí ẹnìkan wà ńkọ́, bíi bàbá àgbà tó ń ṣìnà? OwnTracks wà fún ìyẹn. Kóòdù tiẹ̀ náà wà níta, orí kọ̀ǹpútà tí ẹ bá yàn ni ìròyìn sì ń lọ. Ẹ ó nílò ọmọ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà dáadáa láti bá yín tò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń ṣọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Kí èèyàn yọ́ fi irú rẹ̀ sínú fóònù ìyàwó tàbí ọkọ, ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́. Láti ọdún 2015, ní England àti Wales, ó lè di ọ̀ràn ọlọ́pàá lábẹ́ òfin tó de jíjẹgàba lórí ẹni inú ilé ẹni.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ lọ sí Settings nínú fóònù yín, ẹ wo gbogbo app tí ẹ fún láàyè láti mọ ibi tí ẹ wà. Kí ni iná tọ́ọ̀ṣì ń fi ìyẹn ṣe? Kí ni géèmù àwọn ọmọ ń fi ṣe? Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Èyí tó bá nílò rẹ̀ lóòótọ́, àsìkò tí ẹ bá ń lò ó nìkan ni kí ẹ yọ̀ǹda fún un. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó dìgbà kan ná.