Kíkọ Àròkọ Kúkúrú lórí Ìtàn: Ogun Ìjàyè gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Ìfáàrà

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ máa ń yàn fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ni àròkọ kúkúrú lórí ìtàn, èyí tí kì í sábà ju ojú-ìwé 5 tàbí 6 lọ. Iṣẹ́ náà kéré lójú. Síbẹ̀, nípasẹ̀ rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kò sí láyé mọ́ kí wọ́n tó dá a, ohun tí òun náà yóò sì máa ṣe níwájú kíláàsì lẹ́yìn ọ̀la nìyẹn. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ṣíṣe. Ogun Ìjàyè tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860 ni àpẹẹrẹ tí ó mú lò, nítorí pé àwọn tí ogun náà ṣojú wọn kọ nǹkan sílẹ̀, ohun tí wọ́n kọ kò sì bára mu.

Àkòrí àti Ìbéèrè

"Ogun Ìjàyè" lásán kì í ṣe àkòrí fún ojú-ìwé 5. Odindi apá kan ni J. F. Ade Ajayi fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé tí òun àti Robert Smith jọ gbé jáde lórí ogun ilẹ̀ Yorùbá ní 1964. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá dín àkòrí rẹ̀ kù yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí Odùduwà, yóò gba Ọ̀yọ́-Ilé kọjá, nígbà tí yóò bá sì fi dé Ìjàyè, ìdajì ojú-ìwé ni yóò kù fún ogun gan-an. Àwọn tí wọ́n ti yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò mọ̀ pé èyí kì í ṣe àsọdùn.

Ohun tí àròkọ kúkúrú nílò ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí ìdáhùn rẹ̀ kò tíì hàn gbangba. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni pé nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù, àrẹ̀mọ rẹ̀, gorí ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àṣà ti wà tẹ́lẹ̀ pé kí àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn fọwọ́ sí i. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó ń ṣe olórí Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n aáwọ̀ tún wà lórí ogún obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ó kú láìní àrólé. Ó tún wà lórí àwọn ìlú Òkè-Ògùn tí Ìjàyè ń jẹ gàba lé lórí, àti lórí ẹni tí agbára yóò bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tó ojú-ìwé 5 ṣe ni èyí: Ṣé ọ̀rọ̀ oyè Adélù ni ó fa ogun náà, tàbí òun ni wọ́n fi ṣe àwáwí fún ìjà tí ó ti wà nílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè?

Àwọn Ẹlẹ́rìí àti Ibi tí Wọ́n Dúró sí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ máa ń ṣí, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń parí sí. Kò burú láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí akẹ́kọ̀ọ́ má bèèrè ibi tí Johnson dúró sí nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀. Ní 1846 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọdé ni nígbà tí ó bá David Hinderer, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., wá sí Ìbàdàn, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 15 nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ó parí ìwé náà ní 1897, ìyẹn ọdún 35 lẹ́yìn tí Ìjàyè fọ́. Àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí láti tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, ó sì jáde ní 1921. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí ọmọdé kan fojú rí ní Ìbàdàn. Ó lè jẹ́ ohun tí àwọn jagunjagun rò fún un nígbà tí ó dàgbà. Ó sì lè jẹ́ ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

Anna, ìyàwó Hinderer, wà ní Ìbàdàn ní gbogbo àkókò náà. Lẹ́tà àti ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ di ìwé ní 1872. Ìyà àti àìtó oúnjẹ jẹ wọ́n nítorí pé ọ̀nà etíkun dí. Ní Abẹ́òkúta ẹ̀wẹ̀, Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859, Ẹ̀gbá sì ni ó ran Ìjàyè lọ́wọ́. Ìjọ kan náà ni Townsend àti Hinderer ń ṣiṣẹ́ fún, síbẹ̀ ogun kan náà kò rí bákan náà lójú wọn. Nínú Ìjàyè gan-an, Adolphus Mann ti C.M.S. àti R. H. Stone, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, rí ohun tí ojú aráàlú rí. Ìwé tí Stone kọ nípa rẹ̀ jáde ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dé Ilé Ìpamọ́ Ìwé Àtijọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn yóò rí àwọn ìwé C.M.S. níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọjọ́ tí ogun parí pàápàá ń fi èyí hàn. Ẹni tí ó ń wo Ìjàyè yóò sọ pé ó parí ní ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 1862, tí ìlú náà fọ́. Ẹni tí ó ń wo Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá yóò sún un dé 1865, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó lé Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú. Kò sí ẹni tí ó ṣìṣe nínú wọn.

Ẹ̀rí ẹnu ní ìṣòro tirẹ̀. Oríkì Ògúnmọ́lá tàbí ti Kúrunmí kì í ka ọdún. Iyì ni ó ń sọ. Bàbá àgbà tí ó ń rò ìtàn ilé rẹ̀ lè ti ka Johnson ní ilé-ìwé, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì rò pé ẹlẹ́rìí kejì ni òun rí. Ó yẹ kí a bèèrè ẹnu ẹni tí ó ti gbọ́ ọ, kí a sì dé agbo ilé mìíràn. Bákan náà, Ìjàyè ti jẹ́ ìlú Ẹ̀gbá kí àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé tó gbà á, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ìjàyè ní Abẹ́òkúta ni ó ti ọwọ́ Kúrunmí wá.

Kíkọ

Ọ̀rọ̀ tí ó ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ ni "wọ́n ní." Ta ni ó ní bẹ́ẹ̀? Nígbà wo? Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn tí ó ti jáde kún fún un, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń dà á kọ. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ó lè kọ ojú-ìwé 5 láàárín ìṣẹ́jú kan lónìí náà mọ "wọ́n ní" í lò dáadáa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ ìwé àti nọ́ńbà ojú-ìwé sílẹ̀ bí ó bá ti ń kà á, nítorí pé ní òru ọjọ́ tí iṣẹ́ pé kò ní rántí.

Kí ìdáhùn rẹ̀ hàn ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ̀rí tẹ̀ lé e, kí ó má sì fi ẹ̀rí tí ó tako tirẹ̀ pamọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín "Agídí Kúrunmí ni ó fa ogun" àti "Johnson, tí ó dàgbà ní Ìbàdàn, di ẹ̀bi ru Kúrunmí." Olùkọ́ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè kọ́ni ní Ìbàdàn, ní Ìjàyè tàbí ní Abẹ́òkúta láìsí pé ọmọ kan nínú kíláàsì ń gbọ́ èébú bàbá ńlá rẹ̀. Bí àyè bá sì ṣẹ́kù, kí ó fi sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Ìjàyè tí wọ́n sá lọ sí Abẹ́òkúta ní 1862, nítorí pé àwọn tí ń kọ̀wé nípa àwọn ológun sábà máa ń fo apá yẹn.