OWÓ ÌJỌBA FÚN ILÉ KÍKỌ́: Ó KAN ÀWA ONÍṢÒWÒ NÁÀ

Àwọn kan nínú wa ń béèrè pé ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni ìjọba ń yá lówó kọ́lé ni. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa.

Ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ ṣòfin owó ilé tí wọ́n ń pè ní NHF. Federal Mortgage Bank, báǹkì ìjọba fún owó ilé, ló ń bójú tó o. Ó fara jọ èésú: gbogbo ènìyàn ń dá owó, a sì ń yá nínú rẹ̀. ₦2.50 nínú ₦100 tó bá wọlé fúnni lóṣù ni à ń dá. Ẹni tó ń rí ₦40,000 yóò dá ₦1,000. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó lè béèrè fún owó. Ẹni tí kò sì yá rárá, owó rẹ̀ kò sọnù. Bó bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, wọ́n á dá a padà fún un pẹ̀lú èlé díẹ̀.

Èlé orí owó tí a bá yá jẹ́ ₦6 lórí ₦100 lọ́dún. Ẹ fi wé ṣógúndogójì tó ti lé ẹlòmíràn kúrò lọ́jà! Ènìyàn lè fi ọgbọ̀n ọdún san án, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ọjọ́ orí. Ibẹ̀ ló ti ta wá. Bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún bá yá ₦5 mílíọ̀nù, bíi ₦30,000 ni yóò máa san lóṣù. Àwa tí a ti pé àádọ́ta, tí ọdún mẹ́wàá péré kù fún, bíi ₦55,500 ni. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín obìnrin kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó le jù ni ìwé ilẹ̀. Ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí láì níwèé, tiwa ni lójú ará àdúgbò, ṣùgbọ́n báǹkì kò mọ̀ ọ́n. C of O ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀pọ̀ wa ló sì ti kó èrè ọjà lé ọkọ lọ́wọ́ láti ra ilẹ̀, tí orúkọ wa kò sí nínú rìsíìtì. Ìjà kọ́ là ń dá sílẹ̀ nínú ilé o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà níbẹ̀.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é:

1. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì báǹkì náà ní Àkúrẹ́.

2. Ẹ máa gba owó ọjà kọjá nínú báǹkì. Owó abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò lè jẹ́rìí fúnni.

3. Ẹ máa dá owó náà lóṣooṣù, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

4. Bí ìwé ilẹ̀ bá ti pé, ẹ gba ọ̀dọ̀ báǹkì kékeré tó ń yáni lówó ilé lọ. Àwọn ni yóò gbé ìwé yín lọ sí báǹkì ìjọba.

Ẹ má ṣe kówó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bá ní òun yóò bá yín sáré gbà á. Kí ẹ sì rántí pé gbèsè ni: ẹni tí kò bá san án, wọ́n lè ta ilé náà.

Ẹni tí fọ́ọ̀mù bá rú lójú, kó mú un wá sí ìpàdé, ká jọ kọ ọ́. Ọlọ́run á jẹ́ ká kọ́lé, á jẹ́ ká gbé e pẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́