Ìbọn Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Ọta Kan Ṣoṣo

Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Októbà ọdún 1942, òjò ń rọ̀ kíkankíkan ní erékùṣù Guadalcanal lórí Òkun Pàsífíìkì. Àwọn sójà Japan ya jáde látinú igbó, wọ́n dojú kọ pápá bàálù Henderson tí àwọn Máríìnì Amẹ́ríkà ń ṣọ́. Àwọn ọmọ ogun Lewis Puller, ọ̀gá Máríìnì kan, ni ìjà náà já lé lórí. Nígbà tí apá wọn ò fẹ́ ká a mọ́, wọ́n kó àwọn sójà ẹgbẹ́ 164, àwọn ará North Dakota, wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sí àyè pé à ń tò. Bí wọ́n ṣe ń dé nínú òkùnkùn ni wọ́n ń fi wọ́n há àárín àwọn Máríìnì, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Báyìí ni ìbọn oríṣi méjì ṣe wà lójú ìjà kan náà: Springfield ti ọdún 1903 lọ́wọ́ àwọn Máríìnì, Garand M1 lọ́wọ́ àwọn àlejò.

Ṣé ilẹ̀ tó lówó tó Amẹ́ríkà kò lè fún gbogbo sójà rẹ̀ ní ìbọn kan náà ni? Ilé iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

John Garand, ọmọ Kánádà tí wọ́n bí sí Quebec, ló ṣe ìbọn M1 ní ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba tó wà ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ọdún 1936 ni ìjọba gbà á wọlé. Ní ti Springfield àtijọ́, ọta 5 ló ń gbà, irin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí sójà gbọ́dọ̀ gbé sókè, kó fà á sẹ́yìn, kó tì í síwájú, kó sì tẹ̀ ẹ́ padà sílẹ̀ kó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Garand ń gba 8, èéfín gbígbóná tó ń ti ọta jáde ló sì fi ń ki ara rẹ̀. Bí sójà ṣe ń fà á ló ń dún. Kò sí ẹni tí wọ́n máa kó méjèèjì síwájú rẹ̀ tí kò ní mọ èyí tó máa mú.

Àmọ́ iṣẹ́ ṣíṣe Garand kò yá, ogun kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn sójà orí ilẹ̀ ló kọ́kọ́ rí Garand gbà. Ìbọn àtijọ́ làwọn Máríìnì gbé dání nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Guadalcanal lọ́jọ́ 7 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Kódà wọ́n tún gbé iṣẹ́ Springfield dìde: Remington ń ṣe é, nígbà tó sì yá, Smith-Corona tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn.

Ká tiẹ̀ ní Garand pọ̀ bí iyanrìn, òun nìkan kò ní tó. Nínú ètò ọdún 1942, ènìyàn 12 ló wà nínú ọ̀wọ́ sójà ẹlẹ́sẹ̀ kan: Garand lọ́wọ́ ènìyàn 10, BAR lọ́wọ́ ẹnì kan, Springfield lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. BAR, iṣẹ́ ọwọ́ John Browning, ń tu ọta 20 jáde léraléra. Òun ló ń mú kí ọ̀tá tẹ orí mọ́lẹ̀ kí àwọn yòókù lè sún síwájú. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju kílógíráàmù 8 lọ, bí ìlọ́po méjì Garand. Ta ló fẹ́ kí gbogbo ọ̀wọ́ máa ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gun òkè? Springfield ní tirẹ̀ ń ju àdó kékeré láti ẹnu ìbọn, nítorí ipá tó ń ti àdó bẹ́ẹ̀ lè ba ẹ̀rọ inú Garand jẹ́. Ọdún 1943 ni ohun èlò M7 tó jẹ́ kí Garand náà lè jù ú tó dé. Springfield tí wọ́n de awò mọ́ ni wọ́n sì ń fún atamátàsé.

Ohun tí kò jẹ́ kí àdàlù yìí di wàhálà ni ìpinnu kan tó ti wáyé ní 1932. Ọta tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fẹ́ lò nígbà náà, Garand sì ti ṣe ìbọn tó ń gba 10 nínú rẹ̀. Douglas MacArthur, olórí àwọn ọmọ ogun, kọ̀ jálẹ̀: ọta .30 ti àtijọ́ ṣì kún inú àká. Garand padà lọ tún ìbọn rẹ̀ ṣe láti gba 8 nínú ọta àtijọ́. Àwọn kan ń bá MacArthur wí títí dòní pé ó fi ìbọn tó fúyẹ́ du àwọn sójà. Èmi gbà pé ó ṣe é re. Springfield, Garand àti BAR, ọta kan náà ni wọ́n ń jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ó rọrùn láti yá ara wọn ní ọta. Mẹ́jọmẹ́jọ ni wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ di ọta Garand, tirin-tirin ló sì ń wọ inú ìbọn. Ti Springfield jẹ́ márùn-ún-márùn-ún. Bí ọta ẹni tó gbé BAR bá tán, ó ní láti tú ti Garand, kó máa fi ìka tì í lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí ọta tirẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe ìyẹn nínú ẹrẹ̀, lábẹ́ òjò, tí ọ̀tá ń bọ̀. Carbine tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀gá àtàwọn tó ń ru ìbọn ńlá fúyẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọta tirẹ̀ yàtọ̀, kò sì wúlò fún ẹlòmíì.

Àwọn bàbá wa tó ja ogun Bọ́mà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọgbọ́n kan náà. Lee-Enfield tí ẹni kọ̀ọ̀kan gbé àti Bren tí gbogbo ọ̀wọ́ gbójú lé, ọta .303 ni méjèèjì ń lò, ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbé Lee-Enfield fi ń bá ẹni tó gbé Bren ru ọta.

Ní 1957, Amẹ́ríkà gba M14 wọlé pé kó rọ́pò Garand, BAR, carbine àti ìbọn kékeré arọ̀jò-ọta lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó pé ọdún 10, wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe é. Nígbà tí ogun Vietnam gbóná, ìbọn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti tún padà: M16 wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú ọ̀wọ́, M79 tó ń ju àdó wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn.