Yíyan Ibùsùn Tí Ó Bá Ara Mu

Ọmọ ènìyàn a máa náwó lórí aṣọ àríyá tí yóò wọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà, a máa náwó lórí bàtà, a sì máa náwó lórí àga tí àlejò yóò jókòó lé. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ohun tí òun fúnra rẹ̀ yóò máa fẹ̀yìn lé ní gbogbo òru, èyí tí ó bá ṣáà ti rí ni yóò rà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun kan nínú ilé tí a ń lò tó ibùsùn. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ pé ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lójoojúmọ́, àgbàlagbà sì nílò tó wákàtí 7. Bí a bá ka wákàtí 8 fún òru kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ènìyàn yóò bá fi pé ọgọ́ta ọdún, yóò ti lo ogún ọdún gbáko lórí ibùsùn.

Kí ni iṣẹ́ ibùsùn lára wa? Egungun ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀pá gbọọrọ. Ó tẹ̀ wọnú ní ọrùn, ó yọ sẹ́yìn díẹ̀ ní agbede ẹ̀yìn, ó sì tún tẹ̀ wọnú lókè ìbàdí. Nígbà tí a bá wà lórí ìdúró, àwọn iṣan ni ó ń gbé e ró. Nígbà tí a bá sùn, àwọn iṣan wọ̀nyí a dẹwọ́, ibùsùn a sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Bí ibùsùn bá le bí àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, èjìká àti ìbàdí nìkan ni gbogbo ìwúwo ara yóò dá lé. Ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè ṣàn dáradára níbẹ̀, ẹni náà yóò sì máa yí kiri títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ó bá sì rọ̀ jù, ìbàdí, tí ó wúwo, yóò rì, ẹ̀yìn yóò sì tẹ̀ kọ̀rọ̀gbà bí ọrun ọdẹ. Ẹni tí ó sùn báyìí yóò jí pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, yóò sì máa bú oko tàbí iṣẹ́ tí ó ṣe lánàá.

Ẹní ni àwọn baba wa ń sùn lé. Ta ni yóò sì sọ̀rọ̀ ẹní ní ilẹ̀ Èkìtì tí kò ní dárúkọ Ògòtún? Àwọn obìnrin ìlú náà ni a mọ̀ mọ iṣẹ́ ẹní híhun. Ọ̀pá ewé eéran ni wọ́n ń lò: wọn a là á, wọn a sá a sí oòrùn, wọn a sì rẹ òmíràn nínú àwọ̀ kí wọ́n tó fi hun ọnà sí i. Ẹní tutù sí ara ní àsìkò ooru, afẹ́fẹ́ a máa gba inú rẹ̀ kọjá, a sì lè ká a jọ ní òwúrọ̀. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kì í gba èjìká láyè. Ara ọmọdé lè fara dà á, ṣùgbọ́n arúgbó tí orúnkún ń dùn mọ bí ó ti ń rí kí òun tó dìde nílẹ̀. Àwọn tí ó rí já jẹ a máa fi òwú, tàbí òwú igi àràbà, kún inú aṣọ láti fi ṣe tìmùtìmù. Òwú àràbà rọ̀, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́, a máa lẹ̀ pọ̀ di kókó. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, koríko gbígbẹ ni àwọn ọmọ tí ń gbé inú ọgbà máa ń dì sínú àpò nígbà náà. Ìdun sì mọ ọ̀nà inú àpò wọ̀nyí ju ọ̀gá ilé-ìwé lọ.

Ohun tí ó gba ipò gbogbo wọn ni fóòmù. Ní ọdún 1937, Otto Bayer, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, rí ọ̀nà tí a fi lè po kẹ́míkà pọ̀ di ohun tí à ń pè ní polyurethane. Láti ara rẹ̀ ni fóòmù ti wá. Nígbà tí a bá po àwọn kẹ́míkà náà pọ̀, atẹ́gùn a máa gbérú nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ a sì wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a fi ìwúkàrà sí. Bí ó bá ti gan tán, ihò wẹ́wẹ́ tí kò níye ni yóò kù nínú rẹ̀. Ní ọdún 1962 ni a dá ilé-iṣẹ́ Vitafoam sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Ìkẹjà sì ni ó fìdí kalẹ̀ sí. Mouka bẹ̀rẹ̀ ní Kánò ní ọdún 1959, àga àti tábìlì ni ó sì kọ́kọ́ ń ṣe kí ó tó yà sí fóòmù.

Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóòmù ní Adó-Èkìtì lónìí. Wọn a tò wọ́n lérí ara wọn, wọn a fi aṣọ olódòdó bò wọ́n, ọ̀rá yóò sì máa dán lára wọn. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí ń rajà yóò wo bí ó ti nípọn tó, yóò béèrè iye rẹ̀, yóò fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì sanwó. Ọwọ́ kọ́ ni yóò sùn lórí rẹ̀! Ní tèmi, ìnípọn ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú fóòmù, ẹni tí ó bá sì ra fóòmù gíga tí ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ni ó fi owó rẹ̀ rà.

Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni dẹ́ǹsítì rẹ̀, èyíinì ni iye kílógíráàmù tí fóòmù náà yóò wọ̀n bí ó bá gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Fóòmù tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4½, tí ó sì nípọn ní íǹṣì 8, gba àyè tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí dẹ́ǹsítì rẹ̀ bá jẹ́ 20, yóò wọ̀n tó kílógíráàmù 10. Bí ó bá jẹ́ 30, yóò wọ̀n tó 15. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n apá tí ó gbé méjèèjì yóò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ gbé e wò, bí òṣùwọ̀n bá sì wà nítòsí, ẹ wọ̀n ọ́n. Èyí tí ó fúyẹ́, ohun tí ó di àárín ihò rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí àgbàlagbà bá ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóròòru, kò ní pẹ́ tí yóò fi jin kòtò lágbedeméjì.

Kí ẹ má sì ṣe rò pé dẹ́ǹsítì àti líle jẹ́ ohun kan náà. Fóòmù lè wúwo kí ó sì rọ̀. Líle ni àwọn ẹlòmíràn ń wá kiri. Wọ́n gbà pé èyí tí ó le jù lọ, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ọ̀tọ̀pẹ́díìkì, ni oògùn ẹ̀yìn ríro. Ní ọdún 2003, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn oníṣègùn ṣe ní ilẹ̀ Sípéènì. Ènìyàn 313 tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní ibùsùn líle, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí ó le níwọ̀nba, ẹnikẹ́ni kò sì mọ èyí tí ó kan òun. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, àwọn tí ó sùn lórí èyí tí ó le níwọ̀nba ni ara tù jù.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ẹnìkan kọ́ ni ìwọ̀nba ẹlòmíràn. Ẹni tí ó sanra nílò èyí tí ó le díẹ̀ sí i, kí ó má baà rì. Ẹni tín-ín-rín kò ní rí ìtura lórí irú rẹ̀. Ẹni tí ó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn nílò èyí tí yóò gba èjìká rẹ̀ láyè. Ẹni tí ó máa ń dojú bolẹ̀ sùn ni kò yẹ kí ó sún mọ́ èyí tí ó rọ̀. Ẹ má ṣe tijú níwájú ọlọ́jà: ẹ bọ́ bàtà, ẹ sùn sórí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà sùn nílé. Bí ẹ bá nà gbalaja, kí ẹnìkan gbìyànjú láti ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn yín lókè ìbàdí. Bí ọwọ́ bá kọjá wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, ó le jù fún yín. Bí kò bá ráyè wọ̀ rárá, ó rọ̀ jù. Bí ó bá sì jẹ́ ìyá àgbà ni ẹ fẹ́ rà á fún, ẹ mú ìyá àgbà dání.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa fẹ́ràn kí ó wà níbẹ̀ kí fóòmù má baà dọ̀tí, ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í mu òógùn, ooru oṣù Ẹrẹ́nà kò sì ṣeé fi ọ̀rá kún. Oòrùn tí a ń sá ẹní sí a máa ba fóòmù jẹ́, a máa sọ ọ́ di ohun tí ń rún. Abẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí a gbé e sí. Àbẹ́là kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn nígbà tí iná ìjọba bá lọ, nítorí fóòmù a máa jó kíákíá, èéfín rẹ̀ sì ní oró.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Ohun rírọ̀ tí ó dùn mọ́ àgbàlagbà lè di ikú fún un, nítorí bí ojú rẹ̀ bá rì sínú rẹ̀, kò ní agbára láti yí orí padà. Ẹ̀yìn ni kí a fi tẹ́ ọmọ ọwọ́, lórí ibùsùn tí ó le, tí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, láìsí ìrọ̀rí.

Àwọn kan yóò sọ pé owó kò sí. Ọ̀wọ́n ni à á ra ògo, ọ̀pọ̀ ni à á ra ọ̀bùn, ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ fóòmù. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká èyí tí ó nípọn tí ó sì wúwo, kí ó fi ìnípọn sílẹ̀, kí ó di ìwúwo mú. Fóòmù oní-íǹṣì 4 tí dẹ́ǹsítì rẹ̀ jẹ́ 30 kò wọ̀n ju nǹkan bíi kílógíráàmù 8 lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4½ tí a wí lókè. Kí ó tẹ́ ẹní Ògòtún méjì sórí pákó títẹ́jú, kí ó sì gbé fóòmù náà lé e lórí.