Jíìpù Àgbà Tó Ń Lo Tọ́bò: Kí Ẹ́ńjìnnì Má Baà Kú Kí A Tó San Gbèsè Tán

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan ẹni tó ní ọkọ̀, ó sì kan ẹni tí kò ní.

Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn jíìpù tókùnbọ̀ tó ń lo dísẹ̀lì, nítorí ó lágbára lọ́nà oko, ó sì lè gbé iṣu àti gàrí jáde nínú ẹrẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kù, gbèsè kì í bá a nọ́ọ̀kù. Bí oṣù bá ti parí, owó di sísan. Bí ẹni tó yá a kò bá rí i san, ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Iná tó jó ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìíní 2020 kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni kó tó dé. Ẹ́ńjìnnì kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń ké kó tó kú. Àwa la kì í gbọ́.

Kí ni tọ́bò gan-an? Alfred Büchi, ará Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1905. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí fáànù kékeré kan. Ọ̀pá kan so fáànù yìí mọ́ èkejì, tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo á jóná dáadáa, agbára á dé. Ọ̀pá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì ló sì ń yí lé. Nǹkan mẹ́rin ló yẹ kí a ṣọ́.

Èkíní ni ooru. Ẹ́ńjìnnì 1KZ-TE inú Prado àti Hilux Surf àtijọ́, àti 4D56 inú Pajero, alumíníọ̀mù ni orí wọn, irin sì ni ìsàlẹ̀ wọn. Bí ó bá gbóná jù, àwọn méjèèjì kì í fẹ̀ bákan náà, orí á tẹ̀ tàbí kó sán. Ẹ máa wo omi rédíétọ̀ láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bí omi bá ń dín tí ẹ kò rí ibi tó ń jò sí, bí ó bá ń hó nínú rédíétọ̀, tàbí tí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, ẹ ti rí àmì pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ń lọ. Ẹ ra coolant sí i, nítorí omi kànga lásán a máa jẹ́ kí inú rẹ̀ dípẹtà. Bí mẹkáníìkì bá ní òun fẹ́ yọ thermostat sọnù, ẹ ní kó fi tuntun síbẹ̀.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé géèjì nìkan. Bí omi bá ti gbẹ tán, ohun tó ń wọn ooru kò sí nínú omi mọ́, géèjì lè máa purọ́ pé ara tutù. Bí ọkọ̀ bá gbóná lọ́nà, kí dírẹ́bà dúró. Kó má ṣí rédíétọ̀, kó má sì da omi tútù sí i títí yóò fi tutù. Iṣu tó pẹ́ dé ọjà ṣì ṣe é tà.

Èkejì ni ọ́ìlì. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fíltà ní 5,000 kìlómítà, kó sì jẹ́ ọ́ìlì dísẹ̀lì. Bí ọkọ̀ bá gbé ẹrù láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, kí dírẹ́bà má pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bí a bá pa á nígbà tí tọ́bò ṣì gbóná bí ààrò, ọ́ìlì ò lọ síbẹ̀ mọ́, èyí tó kù níbẹ̀ á jó di èédú.

Ẹ̀yin tó ní Land Cruiser 80 tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1HD-T, tó jáde ní 1990, ẹ fetí sí èyí. Béárìn tó di ọ̀pá písítọ̀ mọ́ kíráńkì nínú rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì mọ̀ sí àìlera rẹ̀. Wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kígbe, nítorí owó béárìn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀kẹta ni ìdọ̀tí. Nígbà ọyẹ́, eruku ọ̀nà oko máa ń dí fíltà afẹ́fẹ́. Bí ihò bá wà nínú fíltà tàbí rọ́bà rẹ̀, iyanrìn á jẹ fáànù tọ́bò àti ara písítọ̀. Ẹ tún máa tú omi tó bá wà nísàlẹ̀ fíltà dísẹ̀lì dànù, pàápàá bí a bá ra epo inú kẹ́ẹ̀gì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ tún nọ́ọ̀tì pọ́ǹpù yí kí ọkọ̀ lè sáré sí i, ẹ kọ̀. Epo tó pọ̀ jù ló ń yọrí sí èéfín dúdú, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ písítọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni táímìn bẹ́líìtì. Ní nǹkan bíi 100,000 kìlómítà, ó yẹ ní pípààrọ̀. Ti 4D56 jẹ́ méjì: bí kékeré bá já, ó lè fa ńlá já. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tókùnbọ̀, ẹ má gba ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù kọ gbọ́, nítorí a lè yí i padà. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì kí ẹ tó gbé ẹrù àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ra irú ọkọ̀ yìí, kó ṣírò owó bẹ́líìtì, ọ́ìlì, fíltà àti coolant mọ́ owó ọkọ̀, kó tó kọ ìwé ẹ̀yáwó. Bí owó náà kò bá ká a, kó ra ọkọ̀ tó kéré sí i. Kó fún dírẹ́bà ní ìwé kékeré tí yóò máa kọ kìlómítà àti ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì sí. Kí onígbọ̀wọ́ náà sì máa bèèrè ìwé yẹn. Kì í ṣe àtojúbọ̀, owó tirẹ̀ ló ń ṣọ́.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ó dìgbà tí a bá pàdé ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.