Ṣọ́ọ̀ṣì Onígi Greensted: Ilé Ọlọ́run tí Wọ́n ń Tún Ṣe Láìwó

Orúkọ: Ṣọ́ọ̀ṣì St Andrew, Greensted-juxta-Ongar
Ibi tó wà: Abúlé Greensted, nítòsí Chipping Ongar, ní Essex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ìjọ: Áńgílíkà, Dáyọ́sísì Chelmsford
Ọjọ́ ẹni mímọ́ rẹ̀: 30 November

Ògiri onígi ṣọ́ọ̀ṣì kékeré yìí ti lé ní 900 ọdún. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì onígi mìíràn tó ṣì dúró láyé tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó dàgbà jù ú lọ. Àárín oko ló wà, àwọn àgbẹ̀ àti ìdílé wọn ló sì ń jọ́sìn níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tó mú un pẹ́ kò ju pé bí apá kan bá bàjẹ́, apá náà nìkan ni ìran tó wà lórí ilẹ̀ máa ń tún ṣe. Èyí tó bá ṣì dára, wọn kì í fọwọ́ kàn án.

ÒGIRI RẸ̀

Pákó óákù 51 ni wọ́n tò lóòró láti fi ṣe ògiri ibi tí ìjọ ń jókòó sí. Óákù ni igi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì fi ń kọ́lé, tí wọ́n tún fi ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ipò tí ìrókò wà lọ́dọ̀ tiwa ni óákù wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n la ìtì igi sí méjì, wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó yípo síta, wọ́n sì kọ ojú tó tẹ́jú sínú. Ẹni tó bá dúró ti ògiri náà nínú ilé yóò ṣì rí àpá irin tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi bó igi náà dán. Wọ́n la ojú fàlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ki igi pẹlẹbẹ bọ àárín pákó méjì tó kángun síra, kí atẹ́gùn àti òjò má baà ráyè wọlé.

Ihò kékeré kan wà nínú ògiri tó kọjú sí àríwá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ibẹ̀ ni àwọn tó ní àrùn ẹ̀tẹ̀ ń gbà wo ìsìn láti ìta. Àwọn kan tó mọ̀ nípa ilé àtijọ́ kò gba èyí gbọ́. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé omi mímọ́ sí.

ỌJỌ́ ORÍ RẸ̀

Nígbà kan, 845 ni wọ́n sọ pé wọ́n kọ́ ọ. Ní 1995, àwọn onímọ̀ ka òrùka inú igi náà, nítorí pé ọdọọdún ni igi óákù ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ fi hàn pé láàárín 1063 sí 1108 ni wọ́n gé àwọn igi náà, ìyẹn àsìkò tí William ará Normandy gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066.

Síbẹ̀, ìjọsìn ti wà lórí ilẹ̀ yẹn ṣáájú ògiri náà. Ní 1960, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ojú ẹsẹ̀ ilé onígi méjì tó ṣáájú rẹ̀ lábẹ́ ibi pẹpẹ. Èyí ló jẹ́ kí ìtàn Ọba Edmund lójú. Àwọn ará Denmark pa ọba yìí ní 869. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ láti London padà sí Bury ní 1013, Greensted ni wọ́n sùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, inú ilé tó ṣáájú èyí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, torí pé igi tó wà níbẹ̀ lónìí ṣì wà nínú igbó nígbà náà.

OHUN TÍ ÌRAN KỌ̀Ọ̀KAN FI KÚN UN

Ìsàlẹ̀ ògiri ibi pẹpẹ jẹ́ akọ òkúta, iṣẹ́ ayé àwọn ará Normandy. Ní nǹkan bí 1500 ni wọ́n fi bíríkì pupa mọ ìyókù. Pákó tí wọ́n kùn ní funfun ni wọ́n fi kan ilé agogo, agogo kan níbẹ̀ sì ní 1618 lára.

Ní 1848, ọ̀rọ̀ náà dé ojú ẹ̀. Ọ̀rinrin ilẹ̀ ti jẹ ìdí àwọn pákó náà. Wọ́n gé ibi tó jẹrà kúrò, wọ́n fi bíríkì mọ ìpìlẹ̀ tó ga kúrò nílẹ̀, wọ́n sì dá pákó padà sórí rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Afala, ìyá Samuel Ajayi Crowther, ní Abẹ́òkúta. Ká ní wọ́n wó ilé náà palẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ tuntun ni, kò ní sí igi tí ẹnikẹ́ni ì bá ka òrùka inú rẹ̀ ní 1995. Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ nínú àwọn ìjọ wa ro èyí dáadáa kí wọ́n tó gbé katakata dé ìdí ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn baba ńlá wọn kọ́.

ÌGBÉYÀWÓ 1839

Ní 1834, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé kí wọ́n kó àwọn alágbàro mẹ́fà láti abúlé Tolpuddle lọ sí Ọsirélíà fún ọdún méje, torí pé wọ́n búra láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ariwo àwọn ará ìlú pọ̀ débi pé ìjọba dárí jì wọ́n ní 1836. Nígbà tí wọ́n padà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń gbè wọ́n lẹ́yìn wá oko fún márùn-ún nínú wọn ní agbègbè Greensted. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni ọ̀kan nínú wọn, James Brine, ti gbé Elizabeth Standfield, ọmọ ẹni tí wọ́n jọ jìyà, níyàwó ní 1839. Lẹ́yìn náà ni àwọn márùn-ún náà kó lọ sí Kánádà.

ỌJỌ́ TÓ YẸ KÍ A SÀMÌ SÍ

26 October: Cedd Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù tó wàásù fún àwọn ará Essex láti nǹkan bí 654.
20 November: Edmund Mímọ́, ọba àti ajẹ́rìíkú.
30 November: Andrew Mímọ́, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ṣọ́ọ̀ṣì Greensted àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì St Andrew, Ọ̀yọ́, tí CMS dá sílẹ̀ ní 1896.